Ìwé Ọkọ̀ Mẹ́ta ní Lúgbè

Ọyẹ́ ti dé sí Lúgbè. Ètè wa ti la.
Eruku bo ìwé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta
tí Lárai kó fún wa ní Wúsè, ní ọ́fíìsì rẹ̀
níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Ṣíjúadé fi etí ìró nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.

Owó ìfẹ̀yìntì mi dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.
Mo ní kí a ná díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó ná wa.

Ọkọ̀ funfun ló dínwó jù.
Ó ga bí ilé alájà méjìdínlógún.
Ọjọ́ méje, oúnjẹ wà nínú owó,
ṣùgbọ́n omi inú ike, owó ni,
ẹ̀rín àwọn tó ń gbé àwo, owó ni, lójoojúmọ́;
wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré bí iná orí.
Yàrá tó bá àpò wa mu kò ní fèrèsé.
Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín. "Yàrá tí kò ní fèrèsé?
A ti gbé e rí ní Nyanya fún ọdún mọ́kànlá,
a ò sì san dọ́là."

Èrò inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Gbogbo abúlé ìyá mi lápá Kábbà,
tòkú tàlààyè, wọn ò tó bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà ní Bẹ́gà
kí n tó rí bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà wọ̀?
Ta ní ń sanwó kó lè tún lọ tò sórí ìlà
nítorí ẹyin díndín?

Ọkọ̀ aláwọ̀ aró kéré. Èrò ibẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀ta lọ.
Fèrèsé wà, àga wà lẹ́yìn fèrèsé,
wọ́n ní orúkọ rẹ ni wọn á máa fi pè ọ́.
Mo bi Lárai: "Ṣé wọ́n á lè pe Ṣíjúadé?"
Ó ní, "Baba, bí ẹ bá san iye yìí, wọ́n á kọ́ ọ."
Iye yìí:
òrùlé wa tó ń jò,
eyín mi méjì,
àti owó iléèwé ọmọ Dúrójayé títí dé oṣù kẹfà.

Ẹ̀kẹta ní yìnyín tí wọ́n ń fi bàtà irin yọ̀ lórí rẹ̀
láàárín agbami.
Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ṣíjúadé ní kí n gbé ìyẹn sọ́tọ̀
fún àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀.

Ọmọ Jẹ́bà ni. Bàbá rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè.
Kó tó pàrọ̀ eyín ló ti mọ èwo ló sàn jù
láàárín ọkọ̀ Ndagi àti ọkọ̀ àwọn yòókù.
Ti Ndagi ń jò, ó sì wọ́n,
ṣùgbọ́n Ndagi kì í kó ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ èèyàn,
bó bá sì dé àárín odò, á gbé àjẹ̀ sókè,
á jẹ́ kí ọkọ̀ máa dá lọ fúnra rẹ̀,
kò ní sọ nǹkan kan.
"Ìyẹn ni mo máa sanwó fún," ó ní.
"Wò ó dáadáa. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo wá a. Mo fi gíláàsì sójú, mo wá a.
Ọ̀rọ̀ ọtí wà, ọ̀rọ̀ ìbora wà,
ọ̀rọ̀ irú bàtà tí a ò gbọdọ̀ wọ̀ lọ jẹun lálẹ́.

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.
Nínú òkùnkùn mo gbọ́ bó ṣe ń ká ìwé kan,
ó ká a, ó tún un ká,
ó bẹ̀rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Ilẹ̀ mọ́, mo yọjú wò ó: ọkọ̀ funfun ni.
Tábìlì dúró gbọn-in.
Mo pe Lárai pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.